Ìbọn Ìléwọ́ tí Múdàṣírù Rà Nítorí Ọ̀gá Rẹ̀

Múdàṣírù kì í ṣe ọmọ ọdẹ. Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀, torí orí irọ́ kékeré yẹn ni gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀ ní Ìkìrun. Ẹranko tó burú jù tí wọ́n bá jà rí nínú agbo ilé wọn ni òbúkọ kan tó máa ń jẹ aṣọ oníbàárà. Àmọ́ nígbà tí Charles, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Houston, bi í lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 1986 pé ṣé ó mọ ìbọn yìn, kí ni ọkùnrin yìí fi dáhùn? Ó ní, "Ìran ọdẹ ni wá, sà." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú Charles dùn, ó lu tábìlì gbàà, ó ní kó múra, àwọn jọ máa lọ sí pápá ìyìnbọn ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, kí kálukú mú ìbọn ìléwọ́ tuẹ́ntí-tuù tirẹ̀ dání.

Ẹ má tíì bínú sí i. Ọdún yẹn le. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, gbogbo iléeṣẹ́ epo tó wà ní Westchase, àdúgbò ibi iṣẹ́ rẹ̀, sì ń lé èèyàn bí ẹni ń lé adìyẹ nídìí ọkà. Lẹ́tà a dé, páálí òfìfo tí èèyàn máa kó ẹrù rẹ̀ sí a tẹ̀ lé e, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà a sì sin èèyàn dé ìdí mọ́tò rẹ̀ bí olè. Múdàṣírù àti Hàwáù ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní apáátímẹ́ǹtì ní Gulfton bọ́ sí ilé tiwọn ní Mission Bend ni, ilé oníyàrá mẹ́ta tó ní koríko níwájú. Ẹ má jẹ́ kí koríko yẹn tàn yín jẹ, báńkì ló ni ín. Tí iṣẹ́ bá bọ́ pẹ́nrẹ́n, ilé bọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù yẹn bà á gidi. Ó wá ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo àwọn tó ń bá Charles lọ yìnbọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó tíì gba lẹ́tà. Ìdí tó fi pa irọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ gbà á ńkọ́? Wọ́n ní kó máa yẹ ìṣirò wò kí wọ́n tó lọ gbẹ́ kànga epo, kó máa sọ fún ọ̀gá pé, "Ibí yìí kò gún." Ẹ wò ó, ta ló ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé? Ó lo ọdún márùn-ún níbẹ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Charles bẹ̀ ẹ́ títí pé, "Múdì, Charles ni kó o máa pè mí." Múdì ni òun ń pè é, torí ahọ́n rẹ̀ kì í gbé orúkọ náà dé ìparí. Múdàṣírù a sì dáhùn pé, "Ẹ ṣé, ọ̀gá Charles." Àwọn méjì ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹnì kejì ni Bísọ́lá, ọmọdébìnrin ará Ìjẹ̀bú tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó máa ń nàka sí ìwé ọ̀gá tí á ní, "Charles, èyí ò dáa o, tún un ṣe." Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Múdàṣírù ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti bá a wí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú ni.

Nígbà tó délé tó sọ fún Hàwáù, Hàwáù gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé àwọn tí ọta bá bà wá.

"Ìbọn kẹ̀, Bàbá Shakirat? Nínú ilé tí mo ti ń kírun?"

"Ìbọn ìdárayá ni. Páálí la máa yìn ín sí."

"Kí ni páálí ṣe fún yín?"

Wọ́n fà á títí. Nígbà tí Hàwáù gbọ́ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní inú àpótí irin ni ìbọn náà máa wà, ọta á wà lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ àpótí á sì wà lára kọ́kọ́rọ́ tòun. Bó ṣe di pé ní gbogbo Sátidé, ọmọ ìran ọdẹ ní láti lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kó máa tọrọ kọ́kọ́rọ́ nìyẹn.

Ó ku kó ra ìbọn. A kì í dá ọjà ńlá rà, ẹ mọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ pe ẹ̀gbọ́n Sirajudeen ní Gulfton. Ẹ̀gbọ́n Sirajudeen dé Houston lọ́dún 1973, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ nípa Amẹ́ríkà àfi bí èèyàn ṣe ń rí iṣẹ́ tó dúró. Ó fi ọdún méjì ju Múdàṣírù lọ, ó sì ń lo ọdún méjì yẹn dáadáa. Òun ló jókòó síwájú mọ́tò, òun ló ń júwe ọ̀nà ibi tí kò dé rí.

Ìyá àgbàlagbà òyìnbó kan ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, irun rẹ̀ funfun báláú, awò ojú rẹ̀ so kọ́ ọrùn. Ó bi Múdàṣírù pé kí ló fẹ́ fi ìbọn ṣe. Kí ó tó yanu, ẹ̀gbọ́n Sirajudeen ti nàka sí ìbọn ńlá kan tó wà lókè, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ọrùn ìgò. "Ìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Àwọn tó bá rí i níwájú ẹ á bọ̀wọ̀ fún ẹ."

Ìyá náà ní, "Páálí kì í bọ̀wọ̀ fún èèyàn." Ó ní ọta ìyẹn wọ́n bí ojú, yóò sì máa ta èèyàn léjìká. Ó wá ṣàlàyé tuẹ́ntí-tuù fún wọn. Ọta rẹ̀ ò gùn ju èékánná lọ, etí ìdí rẹ̀ ni irin ìbọn ń gbá kó tó bú, kì í ṣe àárín bíi ti àwọn ńlá. Kì í pariwo jù, kì í ta padà. Èyí tó ṣe kókó ni pé ọta rẹ̀ pọ́ọ́kú. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń ra ìbọn, Sátidé Sátidé ló ń ra ọta." Múdàṣírù fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, ó jọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ àti òwú.

Ó kó méjì kalẹ̀. Ọ̀kan kéré, ó ń dán, àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ẹ̀gbọ́n Sirajudeen ti gbé e, ó ti ń wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì, ìyá náà sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kó má kọjú ìbọn sí èèyàn, bí kò tiẹ̀ sí ọta nínú ẹ̀. Ìkejì jẹ́ àlòkù: dúdú, wúwo, ẹnu rẹ̀ gùn, igi tí wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀ ti dán fún ọwọ́ àwọn tó ti lò ó. Kò lẹ́wà rárá. Ìyá náà ní kékeré yẹn dáa fún àpò, ó sì dáa fún fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹnu tó gùn ló ń jẹ́ kí ojú tọ́ sí àmì, ìwúwo ló ń jẹ́ kí ọwọ́ dúró, irin tí a fi ń fojú sun àmì lára èyí sì ṣeé yí bó bá ṣì. "Dì í mú," ni ìyá náà wí. Múdàṣírù dì í mú. Ó bá a lọ́wọ́ mu bíi pé òun ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é.

"Èló ni?"

"Dọ́là márùndínlọ́gọ́rùn-ún."

"Ẹ gba àádọ́ta."

Ìyá náà wo ìwé pélébé tí wọ́n kọ iye sí lára ìbọn, ó tún wo Múdàṣírù, bíi pé bóyá kò mọ̀wé kà. Múdàṣírù ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe lọ́jà: ó mí kanlẹ̀, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè ráyè pè é padà. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yẹ bàtà wò. Kò sí ìpè. Ó jáde, ó jókòó nínú mọ́tò nínú oòrùn Houston, ẹ̀gbọ́n Sirajudeen ní kó fara balẹ̀, wọ́n á pè é. Wọ́n lò tó ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀, òógùn bò wọ́n. Nígbà tí Múdàṣírù padà wọlé, ìyá náà ń ka ìwé ìròyìn.

"Ẹ ò pè mí," ni Múdàṣírù wí, inú sì bí i díẹ̀.

"Mo rò pé o ń lọ ni," ni ìyá náà dáhùn.

Àánú rẹ̀ ṣe ìyá náà níkẹyìn, ó fi páálí ọta méjì àti ohun tí wọ́n ń fi bo etí ṣe ènì. Múdàṣírù kọ fọ́ọ̀mù, ó san owó pé. Kí wọ́n tó dé Mission Bend, ẹ̀gbọ́n Sirajudeen ti sọ ìtàn náà di pé òun ló ná an bọ̀ láti igba dọ́là.

Ohun tuntun ò gbọdọ̀ wọlé láìsí àdúrà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n tẹ́wọ́ síwájú àpótí irin, ó bẹ̀rẹ̀ èyí tó máa ń gbà fún mọ́tò: "A kú oríire. Ẹ ó lò ó pẹ́, ẹ ó lò ó gbó. Ọlọ́run á fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò ẹ̀. Yóò kárí gbogbo àdúgbò—"

"Mi ò ṣe àmín sí ìyẹn o!" ni Hàwáù ké láti ilé ìdáná.

Àṣé ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ Múdàṣírù tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Pápá ìyìnbọn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá náà, ibẹ̀ ni ìyá náà sì ti kọ́ ọ. Kó dúró, kó mí, kó dá èémí dúró díẹ̀, kó má fa irin náà gìjà, kó rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ wò bóyá èso ti pọ́n. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni Múdàṣírù ti ń bá bàbá rẹ̀ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lábẹ́ fìtílà, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ní Sátidé kẹta, ọta márùn-ún tó yìn wọ inú dúdú àárín páálí, ojú ihò kan náà. Ìyá náà bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. "Ta ló kọ́ ẹ tẹ́lẹ̀?" Múdàṣírù ní kò sí. Òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ nípa ọ̀rọ̀ ìbọn nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò lórí fíríwè. Láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà, kò tíì sí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, tí kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é. Ó gbé páálí náà wálé, ó fi han Hàwáù, Hàwáù sì fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì.

Ojú fìríìjì yẹn ni ẹ̀gbọ́n Sirajudeen ti rí i, nígbà tí ọjọ́ ti ku ọ̀la.

"Múdà, ìwọ lo yin èyí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Yé è! O ti kú. Ṣé èyí lo fẹ́ lọ ṣe lójú ọ̀gá ẹ? Ṣé èèyàn ń na ọ̀gá ẹ̀ láyò ni? O ò gbọdọ̀ borí ẹ̀ o! Jẹ́ kó jẹ ẹ́. Ó máa dùn mọ́ ọn, ó máa fẹ́ràn ẹ, iṣẹ́ á dúró."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Múdàṣírù létí, torí ohun tó ti wà nínú òun náà tẹ́lẹ̀ ni.

Sátidé pé. Ní pápá ìyìnbọn, ìwé kan wà tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti ọdún ìbí sí. Charles kọ tirẹ̀, Múdàṣírù ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́: 1943. Múdàṣírù gba bírò, ó tún ọdún yẹn kà. Òun tí wọ́n bí ní 1940! Ṣé ọmọ yìí ló ti ń dọ̀bálẹ̀ fún láti ọdún márùn-ún? Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Orí Charles ti pá. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó tán, ipò làgbà, kì í ṣe ọdún. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sísàlẹ̀.

Charles ló kọ́kọ́ yìn. Ó yin márùn-ún, méjì wọ dúdú, mẹ́ta tú ká. Ó fò sókè bí ọmọdé. Ó kan Múdàṣírù. Ó gbé ìbọn sókè, ó mí, ó wo àárín páálí tó dúró dè é, ó wá gbé ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó gbé e sí igun òkè lápá òsì, níbi tó funfun. Pá. Pá. Pá. Pá. Pá. Kò sí èyí tó sún mọ́ dúdú rárá. Ó sọ ìbọn kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ, sà! Ta ló lè bá yín dù ú?"

Wọ́n fa páálí wá. Charles gba ti Múdàṣírù, ó wò ó, ẹ̀rín tó ń rín kú. Ihò kan ṣoṣo ló wà ní igun yẹn. Ọta márùn-ún gba ojú rẹ̀ kọjá, owó kọ́bọ̀ kan á bò ó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yìn, gbogbo páálí ló máa ń lu. Múdàṣírù, ọmọ aránṣọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ burúkú. Kódà nígbà tó fẹ́ ṣì í, ojú kan ló ṣì í sí.

"Ìbọn yìí ni, sà," ni Múdàṣírù sọ kíá. "Àlòkù ni. Pọ́ọ́kú ni mo rà á. Ó máa ń wọ́ sápá òsì." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn ún, bí ẹni tó sẹ́ ọmọ rẹ̀ láàárín ọjà.

"Gbé e wá," ni Charles wí. Ó ki ọta márùn-ún sí i, ó fara balẹ̀, ó yìn. Mẹ́rin wọ dúdú. Kò ṣe irú ẹ̀ rí pẹ̀lú ìbọn tirẹ̀ olówó ńlá. "Ìbọn yìí ò wọ́, Múdì."

Múdàṣírù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo ọta nílẹ̀.

"O jẹ́ kí n jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà lèmi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún nílé, kó má baà sunkún." Ojú Charles ti pọ́n. Ó ki ọta márùn-ún mìíràn, ó gbé ìbọn fún un. "Yìn ín báyìí. Ṣe bíi pé mi ò sí níbí."

Kí ni Múdàṣírù ì bá ṣe? Ọ̀gá ló pàṣẹ. Ó yìn. Márùn-ún wọ àárín gbùngbùn, ihò kan. Charles mú un mọ́ páálí àkọ́kọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kànga tá a gbẹ́ nínú oṣù kẹta, tó jẹ́ omi iyọ̀ ló jáde. Èmi ni mo ṣe ìṣirò yẹn, o sì buwọ́ lù ú. Ṣé o rí àṣìṣe mi?"

Múdàṣírù lè purọ́, ṣùgbọ́n páálí méjèèjì wà lọ́wọ́ Charles.

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà."

Charles mi orí, ó di ìbọn rẹ̀ sínú àpò, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Lọ́jọ́ Túsídeè ló pè é sí ọ́fíìsì. Wọ́n ti ní kí Charles yan ẹnì kan tó máa dúró níbi iṣẹ́ nínú Múdàṣírù àti Bísọ́lá, Bísọ́lá ló sì yàn. Kò pariwo, ojú rẹ̀ tilẹ̀ kún fún àánú. Ó ní, "Múdì, ká ní o ò mọ̀ ni, ǹ bá kọ́ ẹ. O mọ̀ ju gbogbo wa lọ. O ò kàn ní í sọ ni." Múdàṣírù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dúpẹ́! Ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó gbé páálí ẹrù rẹ̀.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Hàwáù lálẹ́, kò fi ìkankan pa mọ́, ó sì sunkún. Hàwáù ò bú u. Ó ní òun á gba iṣẹ́ alẹ́ sí i, kí ilé má baà bọ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́: "Tí àwọn èèyàn bá dé, ẹ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi irọ́ tù yín nínú."

Ọjọ́ Àìkú, àwọn èèyàn dé láti mọ́ṣáláṣí láti wá kí wọn kú ìrọ́jú. Pálọ̀ kún. Ẹ̀gbọ́n Sirajudeen jókòó sórí àga tó tóbi jù, ó tún fìlà ṣe.

"Mo ti sọ fún un," ni ẹ̀gbọ́n wí fún gbogbo wọn. "Mo ní kó má borí òyìnbó yẹn! Ó lọ borí ẹ̀. Ìyẹn ló bí i nínú tó fi lé e. Ká ní ó ṣe bí mo ṣe wí ni, ibi iṣẹ́ ni ì bá wà lọ́la. Àbí irọ́ ni mo pa, Múdà?"

Gbogbo pálọ̀ yíjú sí Múdàṣírù. Hàwáù dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwo omi lọ́wọ́, òun náà ń wò ó. Múdàṣírù yanu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ kedere, kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó wo ẹ̀gbọ́n Sirajudeen, tó fi ọdún méjì jù ú lọ.

"Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n," ni Múdàṣírù wí.

Hàwáù gbé omi náà padà sí ilé ìdáná.